Èédú Nínú Kíréètì Ẹyin

Ọmọdébìnrin kan wà, ọmọ ọdún méje, tó gbé ṣíbí sílẹ̀ nídìí ẹ̀kọ àárọ̀, tó sì béèrè ọ̀rọ̀ kan tí ẹnikẹ́ni nínú ilé kò rí dáhùn. Ó ní, "Bàbá mi, lọ́jọ́ tí ẹnikẹ́ni kò bá wọn omi, báwo ni omi ṣe máa ń ga tó?"

Ìyá àgbà rẹ́rìn-ín. Ó ní, "Á ga tó bí Ẹlẹ́dàá bá ṣe fẹ́ kó ga. Mu ẹ̀kọ rẹ."

Bàbá rẹ̀ náà rẹ́rìn-ín. Ìyá rẹ̀ nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Ó wo ojú ọmọ, ó wo ẹnu ọ̀nà tí òjò ti ń rọ̀ láti ìdájí, ó sì rò ó nínú ara rẹ̀ pé ìbéèrè yìí kì í ṣe èyí tí a lè fi ẹ̀kọ gbé mì.

Mojísọ́lá ni orúkọ ọmọ náà. Ilé wọn wà ní ìsàlẹ̀ ìlú, ní àdúgbò kan tó ní nǹkan bí ogójì ilé, tó sún mọ́ odò débi pé àwọn ará ibẹ̀ ń gbọ́ ohùn omi lórí ẹní wọn. Ìyá Mojí ń sin adìẹ. Ó ní ọgọ́rùn-ún adìẹ tó ń yé, ó sì máa ń to ẹyin wọn sínú kíréètì fún àwọn tó ń rà. Bàbá Mojí ní tirẹ̀ mọ iṣẹ́ kọ̀ǹpútà. Òun ni àdúgbò fi ọ̀rọ̀ omi lé lọ́wọ́.

Báyìí ni iṣẹ́ náà ṣe rí. Ọ̀pá ìwọ̀n kan wà lẹ́sẹ̀ afárá, tí wọ́n kùn ní funfun àti dúdú, tí ẹsẹ̀ bàtà kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tirẹ̀. Bàbá arúgbó kan, atukọ̀, ló máa ń gba orí àtẹ̀gùn òkúta sọ̀kalẹ̀ láràárọ̀ lọ wo ọ̀pá náà. Tó bá ti rí ibi tí omi dé, á tẹ Bàbá Mojí láago, á ní, "Mẹ́sàn-án lónìí," tàbí, "Mẹ́wàá lónìí." Bàbá Mojí á fi nọ́ńbà náà sínú kọ̀ǹpútà.

Nígbà kan tí Mojí fẹ́ mọ ohun tí kọ̀ǹpútà ń fi nọ́ńbà ṣe, bàbá rẹ̀ mú kíréètì òfìfo kan lọ́wọ́ ìyàwó rẹ̀. Ó ní, "Ṣé o rí i, ihò ọgbọ̀n ló wà níbí. Ọgbọ̀n ọjọ́ náà ló wà nínú oṣù. Mo ní irú kíréètì yìí nínú kọ̀ǹpútà. Ihò kọ̀ọ̀kan ní nọ́ńbà tá a fi ń pè é. Tí mo bá ní kó mú ti ihò kẹrin wá, kò ní mú ti karùn-ún. Omi ọjọ́ kọ̀ọ̀kan ló wà nínú ihò tirẹ̀. Tí wọ́n bá ti tò sí ìlà báyìí, mo lè ní kó rò wọ́n pọ̀, mo lè ní kó wá èyí tó ga jù, mo sì lè bi í bóyá omi ń gòkè ni àbí ó ń fà."

Mojí ní, "Ẹyin nọ́ńbà."

Bàbá rẹ̀ ní, "Ẹyin nọ́ńbà gan-an ni."

Nígbà òjò ọdún tó ṣáájú, Bàbá Mojí ti ké gbàjarè lẹ́ẹ̀kan. Òjò òru kan rọ̀, ọ̀pá fi mẹ́tàlá hàn láàárọ̀, ó sì ránṣẹ́ sórí fóònù gbogbo ará àdúgbò pé kí wọ́n kó lọ sórí òkè. Wọ́n kó lọ. Wọ́n ru ẹní, wọ́n ru ìkòkò, wọ́n gbé aláìsàn. Nígbà tó di ọ̀sán, omi ti padà sí mẹ́sàn-án, oòrùn sì yọ sí wọn lórí bí ẹni pé ó ń fi wọ́n ṣẹ̀sín. Láti ọjọ́ yẹn ni télọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà ní ìkóríta ti sọ Bàbá Mojí lórúkọ. Ó ń pè é ní Bàbá Ìkún-omi. Tó bá ti ń kọjá lọ báyìí, télọ̀ á pariwo, á ní, "Bàbá Ìkún-omi, ṣé ká máa di ẹrù ni, àbí ká kọ́kọ́ jẹun?" Gbogbo ṣọ́ọ̀bù á bú sẹ́rìn-ín.

Ọkùnrin náà á rẹ́rìn-ín pẹ̀lú wọn, á sì máa lọ. Ìyàwó rẹ̀ ló mọ̀ pé kì í jẹun dáadáa lọ́jọ́ tó bá gba ìkóríta kọjá.

Ìdí nìyẹn tó fi tún ètò tó ń darí kọ̀ǹpútà náà kọ. Ó ní òun kò ní torí ọjọ́ kan ṣoṣo ké mọ́. Kọ̀ǹpútà á máa kó nọ́ńbà ọjọ́ márùn-ún tó gbẹ̀yìn, á rò wọ́n pọ̀, á wá pín in sí márùn-ún. Tí ìpíndọ́gba náà bá dé méjìlá, ìgbà náà ni wọn yóò tó kó lọ sórí òkè. Ọgbọ́n ni èyí. Ọjọ́ kan lè purọ́, ṣùgbọ́n ọjọ́ márùn-ún kì í pawọ́ pọ̀ purọ́.

Àmọ́ nǹkan kékeré kan wà níbẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, bàbá atukọ̀ lọ sìnkú ní abúlé àwọn àna rẹ̀, ó sì lo ọjọ́ méjì. Kò sí ẹni tó wo ọ̀pá. Nígbà tí Bàbá Mojí ní kí kọ̀ǹpútà ṣe ìṣirò, ó kọ̀ jálẹ̀, nítorí ihò méjì ṣófo láàárín ìlà, ètò náà kò sì mọ ohun tó lè fi ihò tó ṣófo ṣe. Ọkùnrin náà ń kánjú. Ó fi òdo dí ihò méjèèjì, kọ̀ǹpútà sì ń ṣiṣẹ́ lọ. Ó wá kọ ọ́ sínú ètò náà pé nígbàkúgbà tí ihò kan bá ṣófo, kí kọ̀ǹpútà fúnra rẹ̀ máa fi òdo dí i. Ẹ̀ẹ̀rùn ni, omi kéré, kò pa ẹnikẹ́ni lára. Ó gbàgbé rẹ̀. Ohun tí kò bá ta ni lára kì í pẹ́ kúrò lọ́kàn ẹni.

Lápá ìparí àsìkò òjò, òjò kan wá bẹ̀rẹ̀ tí kò mọ ìdákẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ tí Mojí béèrè ìbéèrè rẹ̀, ohun tó gbọ́ ló mú un béèrè. Fóònù bàbá rẹ̀ dún, bàbá rẹ̀ sì ní, "Ẹ káàárọ̀, bàbá. Kò ṣeé lọ? Ó dáa, kò burú." Ó gbé fóònù sílẹ̀, kò sì kọ nǹkan kan. Ọmọ ti mọ̀ pé nọ́ńbà kan máa ń wà níbẹ̀. Ó ń retí nọ́ńbà náà, nọ́ńbà náà kò dé.

Lẹ́yìn oúnjẹ, Ìyá Mojí lọ fa omi. Kànga wọn wà lẹ́yìnkùlé. Ó ti ta kókó mẹ́wàá sí okùn ìfami náà kí ọwọ́ má bàa máa yọ̀ lórí rẹ̀. Nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, gbogbo kókó mẹ́wẹ̀ẹ̀wá ló ń wọlé kí garawa tó kan omi. Lọ́jọ́ yẹn, kókó mẹ́ta péré ló wọlé tó gbọ́ ìró omi. Ó fa garawa sókè. Ó tún un jù sílẹ̀. Kókó mẹ́ta. Ó fi garawa sílẹ̀ sẹ́nu kànga, ó wọlé lọ bá ọkọ rẹ̀.

"Bàbá Mojí, omi kànga ti gòkè."

"Òjò ló ń rọ̀ sínú rẹ̀."

"Mo máa ń dé e. Òjò kì í wọ inú rẹ̀."

Ọkùnrin náà yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Ó ní, "Wò ó. Ìlà tó ń sọ̀kalẹ̀ yẹn lomi. Ní ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ìpíndọ́gba jẹ́ mẹ́wàá. Lónìí, méje lé díẹ̀. Lóòótọ́, ó fi mẹ́rìnlá hàn lánàá, ṣùgbọ́n ọjọ́ kan nìyẹn, mo sì ti kọ́gbọ́n lórí ọjọ́ kan. Omi ń fà, Ìyá Mojí. Ìwọ àti ìbẹ̀rù, ọmọ ìyá kan náà ni yín."

"Ẹ dákun, ẹ jẹ́ ká tiẹ̀ gbé ìyá àgbà lọ sórí òkè ná. Ẹsẹ̀ wọn ò gbé eré."

"Kí télọ̀ lè rí orin kọ? Rárá o."

Obìnrin náà kò ní kọ̀ǹpútà. Okùn tó ní kókó mẹ́wàá ló ní. Báwo ni okùn ṣe fẹ́ bá kọ̀ǹpútà jiyàn? Ó padà sídìí ẹyin rẹ̀. Ṣùgbọ́n ara rẹ̀ kò lélẹ̀. Nígbà tó bá mú ẹyin kan, á dúró, á tẹ́tí sí odò. Nígbà tó bá to mẹ́ta, á dìde lọ wo ilẹ̀ ẹ̀yìnkùlé bóyá ó ti ń rin. Ó ń dá ara rẹ̀ lẹ́bi pé ó ń bẹ̀rù jù, ó sì ń bẹ̀rù pé bóyá ó yẹ kí òun bẹ̀rù jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Mojí jókòó tì í. Ó ń bá a ka ẹyin.

Ìyá Mojí ní àṣà kan nídìí iṣẹ́ rẹ̀. Tí ẹyin kan bá fọ́ nínú kíréètì tí kò sì sí òmíràn láti fi rọ́pò rẹ̀, kì í fi ihò náà sílẹ̀ lófìfo. Á fi ẹyọ èédú kékeré kan síbẹ̀. Ẹni tó bá rí èédú á mọ̀ pé wọn kò gbàgbé ihò yẹn, wọn kò sì fi tan ẹnikẹ́ni jẹ. Lẹ́yìn náà, á gbé kíréètì sórí ìwọ̀n. Bí ẹyin bá ṣe wúwo sí ló fi ń mọ̀ bóyá adìẹ òun ń jẹun yó.

Mojí ka ihò ìlà dé ìlà, ó ní, "Ọgbọ̀n."

Ìyá rẹ̀ ní, "Méjìdínlọ́gbọ̀n. Èédú méjì wà níbẹ̀."

"Kí ló dé tá ò fi èédú kún un?"

"Tá a bá pín ìwọ̀n yìí sí ọgbọ̀n, á dà bíi pé ẹyin kéékèèké ni àwọn adìẹ wa ń yé. A ó wá máa bá adìẹ jà lórí ohun tí kò ṣe. Èédú yẹn ń sọ fún wa pé, níbí yìí, ẹ ò mọ nǹkan kan, ẹ má fi mí ṣe ìṣirò."

Ọmọ náà ronú díẹ̀. Ó ní, "Ṣé bàbá mi náà máa ń fi èédú sí ihò omi, lọ́jọ́ tí bàbá atukọ̀ ò bá sọ nọ́ńbà?"

Ọwọ́ Ìyá Mojí dúró. Ó rọra dá ẹyin tó mú dání padà sínú apẹ̀rẹ̀, bí ẹni pé òun gan-an ló fẹ́ fọ́. Ó dìde, kò bọ bàtà, ó wọlé.

Ó ní, "Bàbá Mojí, ihò ti òní, kí ló wà nínú rẹ̀?"

"Òní kẹ̀? Bàbá ò rí i wọ̀n."

"Mo mọ̀. Kí ló wà nínú ihò náà?"

Ọkùnrin náà yíjú sí kọ̀ǹpútà. Ó ṣí ìlà náà, àwọn méjèèjì sì jọ wò ó. Mọ́kànlá. Mẹ́tàlá. Òdo. Mẹ́rìnlá. Òdo.

Ìyàwó rẹ̀ fi ìka kan èyí tó gbẹ̀yìn. Ó ní, "Òdo? Ṣé omi gbẹ láàárọ̀ yìí ni?"

Ọkùnrin náà sún mọ́ kọ̀ǹpútà, ó tún ìlà náà kà.

"Ẹ yọ òdo méjèèjì kúrò. Ẹ má pín in sí márùn-ún. Ẹ pín in sí mẹ́ta."

Ó tẹ̀ ẹ́ sínú kọ̀ǹpútà. Àpapọ̀ wọn jẹ́ méjìdínlógójì. Nígbà tó pín in sí márùn-ún, méje lé díẹ̀ ni. Nígbà tó pín in sí mẹ́ta, ó di méjìlá lé díẹ̀. Ìlà tó ti ń sọ̀kalẹ̀ láti ìjẹta gbé orí sókè lójú wọn.

Ó tẹ bàbá atukọ̀ láago. Ó ní, "Ẹ káàsán, bàbá. Kí ló dé tí kò fi ṣeé lọ láàárọ̀ yìí?"

Bàbá atukọ̀ ní, "Omi ti bo àtẹ̀gùn, mo rí i láti ojú fèrèsé mi, ọmọ mi. Níbo ni kí n fi ẹsẹ̀ lé?"

"Ìjẹta ńkọ́?"

"Ìjẹta náà bò ó. Àná ló fún mi láyè díẹ̀, ó sì dé mi lórúnkún."

"Bàbá, ẹ ò sọ fún mi!"

"Mo sọ. Mo ní kò ṣeé lọ. Ìwọ lo ní kò burú. Mo rò pé kọ̀ǹpútà yín ti rí i ni." Lẹ́yìn èyí, fóònù arúgbó náà kú, ohùn rẹ̀ sì dá.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Ọjọ́ tó ń bọ́ mọ́ wọn lọ́wọ́ kì í ṣe ọjọ́ lásán. Ọjọ́ tí omi bá ga jù ni àtẹ̀gùn ń rì, ọjọ́ tí àtẹ̀gùn bá sì rì ni nọ́ńbà kì í dé. Ọjọ́ tí omi ga jù lọ gan-an ni kọ̀ǹpútà kọ sílẹ̀ pé kò sí omi rárá. Bí ewu ṣe ń pọ̀ tó ni ìròyìn ṣe ń dára tó.

Bàbá Mojí kọ ọ̀rọ̀ tó fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àwọn ará àdúgbò. Ó kọ ọ́ tán, kò tẹ̀ ẹ́ lọ. Ó ń wo fóònù.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Kí lẹ ń dúró dè?"

"Tí omi bá tún fà lọ́sàn-án ńkọ́? Wọ́n á fi mí ṣẹ̀sín kúrò ní ìlú yìí."

Obìnrin náà jókòó tì í. Òun náà ń bẹ̀rù. Ó ń bẹ̀rù omi, ó ń bẹ̀rù ẹ̀sín, ó ń bẹ̀rù ọgọ́rùn-ún adìẹ tí kò lè rù. Ó ní, "Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí wọ́n rẹ́rìn-ín lórí òkè."

Ọkùnrin náà tẹ̀ ẹ́ lọ. Kò tún fi mọ sórí fóònù, ó wọ inú òjò, ó ń kan ilẹ̀kùn kiri. Nígbà tó dé ìkóríta, télọ̀ rí i lókèèrè.

Télọ̀ ní, "Bàbá Ìkún-omi ti dé o! Ọdọọdún ni, bí ọdún iléyá. Mélòó ni kọ̀ǹpútà wí lónìí?"

Bàbá Mojí dúró lójú òjò. Ó ní, "Mi ò mọ̀. Nínú ọjọ́ márùn-ún, méjì wà tí mi ò mọ ibi tí omi dé. Òdo ni mo kọ sí i. Irọ́ ni mo pa, mi ò sì mọ̀ pé mo pa á. Bàbá ní àtẹ̀gùn ti rì. Ẹ dákun, ẹ gbé ẹ̀rọ ìránṣọ yín."

Ẹni tó bá ní òun mọ̀ ni wọ́n mọ bí wọ́n ṣe ń fi ṣẹ̀sín. Ẹni tó bá jáde wá sọ pé òun kò mọ̀, kò sí ẹni tó ti kọ orin rẹ̀ sílẹ̀. Télọ̀ wo ojú ọ̀nà odò, ó wo ọkùnrin náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í tú ẹ̀rọ rẹ̀ kúrò lórí tábìlì.

Gbogbo àdúgbò gun òkè lọ sí ilé ìwé. Wọ́n gbé ìyá àgbà sínú bárò. Ìyá àgbà ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ gbé mi bí àpò síméǹtì." Ìyá Mojí ru kíréètì ẹyin mẹ́rin, ó fi ọwọ́ kan di ọmọ rẹ̀ mú. Kó tó kúrò, ó ṣí ilẹ̀kùn ilé adìẹ sílẹ̀ gbayawu, kí èyí tó bá lè fò lè rí ọ̀nà lọ. Kò bojú wẹ̀yìn.

Nígbà tí wọ́n dé inú kíláàsì, Bàbá Mojí fi ṣọ́ọ̀kì kọ orúkọ gbogbo ilé sára pátákó tó ti ṣá di aláwọ̀ eérú. Ilé tó bá ti pé, wọ́n á kọ iye ènìyàn inú rẹ̀ sí i. Àwọn ilé ń dé lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, ibì kan ṣoṣo ló ṣófo. Ti bàbá atukọ̀ ni.

Ẹnì kan ní, "Ẹ fi sílẹ̀. Atukọ̀ kẹ̀? Kí lomi fẹ́ fi ṣe?"

Ẹlòmíràn ní, "Á ti lọ sílé ọmọ rẹ̀ obìnrin. Ẹ kọ ọ́ pé ó wà lálàáfíà, ká rí nǹkan jẹ."

Bàbá Mojí ti gbé ṣọ́ọ̀kì sókè. Ìyá Mojí wò ó. Ó rìn lọ sídìí àdògán tí wọ́n ń fi sebẹ̀, ó mú ẹyọ èédú kan níbi tó ti tutù, ó sì fi í fa ìlà dúdú gbọọrọ sí iwájú orúkọ arúgbó náà.

Ọkùnrin náà gbé ṣọ́ọ̀kì sílẹ̀. Ó ní, "Ta ló fojú rí i?" Òun àti télọ̀ àti ọ̀dọ́kùnrin kan sọ̀kalẹ̀ lọ.

Wákàtí kan ni wọ́n lò. Ìyá Mojí dúró sẹ́nu ọ̀nà kíláàsì fún wákàtí náà, kò jókòó, ó kàn ń wo ojú ọ̀nà títí ojú rẹ̀ fi ń ta á. Wọ́n bá arúgbó náà nínú ilé rẹ̀, lórí bẹ́ẹ̀dì, ọrùn ẹsẹ̀ rẹ̀ wú bí ìkòkò. Òkúta àtẹ̀gùn ló yọ̀ mọ́ ọn lẹ́sẹ̀ lọ́jọ́ tó lọ wọn mẹ́rìnlá. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni, torí pé ẹnikẹ́ni kò bi í. Omi ti wọ ìloro rẹ̀. Télọ̀ ló pọ̀n ọ́n.

Kí ilẹ̀ tó mọ́, omi gba àdúgbò náà láti ìpẹ̀kun dé ìpẹ̀kun. Nígbà tí ojúmọ́ là, òrùlé nìkan ni wọ́n rí, àti adìẹ díẹ̀ tó bà lé e, bí ìdajì èyí tí Ìyá Mojí ní, tí ìyẹ́ wọn rin gbingbin. Ogójì ilé ló wà lórí pátákó. Gbogbo wọn ló ní nọ́ńbà. Kò sí ẹnì kankan tó bá omi lọ.

Ìwọ tí o ń gbọ́ ọ̀rọ̀ yìí, kì í ṣe ọ̀rọ̀ omi nìkan ni mo ń bá ọ sọ. Ìwọ náà ní ìlà kan lọ́kàn rẹ tí o to àwọn ènìyàn rẹ sí, ẹnì kọ̀ọ̀kan nínú ihò tirẹ̀. Ọmọ rẹ tó wà lókèèrè, tí kò pè ọ́ láti ọjọ́ mẹ́ta, kí lo kọ sí ihò rẹ̀? Àbúrò rẹ tó máa ń ṣàwàdà, tó wá dákẹ́ lójijì, kí lo kọ síbẹ̀? Ìyá rẹ tó ń ní "kò sí nǹkan kan" kí o tó bi í tán, ṣé o gbà fún un torí pé ó rí bẹ́ẹ̀ ni, àbí torí pé ò ń kánjú? Má fi òdo dí ihò tí o kò wò. Àìgbúròó kì í ṣe àlàáfíà. Nígbà mìíràn, ọjọ́ tí omi bo ẹni náà mọ́lẹ̀ jù lọ ni ọjọ́ tí kò lè rí àtẹ̀gùn sọ̀kalẹ̀ láti ròyìn fún ọ. Fi èédú síbẹ̀. Gbà pé o kò mọ̀. Lẹ́yìn náà, dìde, kí o lọ wò, bí òjò tilẹ̀ ń rọ̀, bí wọ́n tilẹ̀ ń fi ọ́ ṣẹ̀sín.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, òjò dá. Bàbá Mojí jókòó lórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ iléèwé, orúnkún rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan àgbọ̀n rẹ̀, ó ń tún ètò náà kọ. Mojí wá fara tì í.

Ó ní, "Bàbá mi, ọ̀pá ìwọ̀n ti rì. Báwo ni omi ṣe ga tó báyìí?"

Bàbá rẹ̀ ní, "Mi ò mọ̀, ọmọ mi."

"Kí lẹ fẹ́ kọ sí ihò ti òní?"

"Èédú."

Ọmọ náà mi orí, bí ẹni tí ọ̀rọ̀ tẹ́ lọ́rùn, ó sì gbé orí lé itan bàbá rẹ̀. Kò pẹ́ tó fi sùn. Ìyá àgbà ti ń hanrun nínú bárò, wọn kò rí i gbé jáde. Bàbá atukọ̀ sùn, ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àpò aṣọ télọ̀. Ọkùnrin náà pa kọ̀ǹpútà dé, ó fẹ̀yìn ti ògiri, ojú rẹ̀ pa dé pẹ̀lú.

Ìyá Mojí nìkan ló ṣẹ́ kù. Ó ka orí wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ó fi ọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan, ó gbọ́ èémí ọ̀kọ̀ọ̀kan, kò fo ẹnì kankan. Ó tún kà wọ́n lẹ́ẹ̀kan sí i. Nígbà náà ni òun náà tó nà sílẹ̀ sẹ́bàá wọn, lójú ọ̀sán gangan, ó sì sùn.